Orí Kẹfà: Lou Ottens àti Kásẹ́ẹ̀tì Tó Wọ Àpò

Bí ẹ bá tú àpótí àwọn òbí yín wò, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí ike pẹlẹbẹ kan níbẹ̀ tó ní ihò méjì láàárín, tí téèpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì ká jọ sínú rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì ni. Wọ́n fojú bù ú pé irú rẹ̀ tí wọ́n ti tà káàkiri ayé láti ọdún 1963 tó 100 bílíọ̀nù. Ẹni tó ṣáájú àwọn tó ṣe é ni Lou Ottens, ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Netherlands. Ó kú ní ọjọ́ 6, oṣù Kẹta, ọdún 2021, lẹ́ni ọdún 94. Ọ̀pọ̀ àwọn tó fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gbọ́ orin láti ìgbà èwe di àgbà ni kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Ní orí yìí, a ó tọpasẹ̀ ìgbé ayé Ottens, a ó sì wo ohun tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ibi tí a ó ti dúró pẹ́ jù ni ìpinnu kan tí iléeṣẹ́ Philips ṣe ní ọdún 1965. Èrò òǹkọ̀wé yìí ni pé bí kì í bá ṣe ìpinnu náà, kásẹ́ẹ̀tì ì bá ti kógbá wọlé pẹ̀lú àwọn ẹ̀rọ mìíràn tó dára ṣùgbọ́n tí kò sẹ́ni tó rántí wọn mọ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gbọ́ rédíò ní ìkọ̀kọ̀

Bellingwolde, abúlé kan ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Netherlands lẹ́bàá ẹnubodè Jámánì, ni wọ́n ti bí Ottens ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹfà, ọdún 1926. Nígbà tó yá, ìdílé wọn kó lọ sí Hilversum, ìlú tí àwọn iléeṣẹ́ rédíò ilẹ̀ náà fi ṣe ibùjókòó.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1940, àwọn ọmọ ogun Jámánì gba Netherlands. Ìjọba ilẹ̀ náà sá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń bá àwọn ènìyàn wọn sọ̀rọ̀ lórí ètò kan tó ń jẹ́ Radio Oranje, tí BBC ń bá wọn gbé sáfẹ́fẹ́. Àwọn ará Jámánì fòfin de gbígbọ́ rẹ̀. Wọ́n tún ń rán ariwo sójú ìgbì tí ètò náà ń gbà wọlé, kí ẹni tó bá tiẹ̀ rú òfin má lè gbọ́ nǹkan kan. Ottens kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà náà. Ó kan rédíò tirẹ̀, ó sì ṣe áńtẹ́nà kan fún un tó ṣeé darí, tó máa ń dojú kọ ibi tí ohùn Lọ́ńdọ̀nù ti ń bọ̀, tó sì ń kẹ̀yìn sí ibi tí ariwo ti ń wá. Ó sọ ọ́ ní Germanenfilter, ìyẹn asẹ́ tó ń sẹ́ àwọn ará Jámánì dà nù. Ẹ̀rọ yìí ni òun àti àwọn òbí rẹ̀ fi ń gbọ́ ìròyìn ogun.

Lẹ́yìn ogun, ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga tó wà ní ìlú Delft. Bó ṣe ń kàwé ni ó ń ṣiṣẹ́ àbọ̀ọ̀ṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe ẹ̀rọ ayàwòrán inú ara, níbi tó ti ń ya àwòrán àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ sórí ìwé. Ó jáde ní ọdún 1952, iléeṣẹ́ Philips sì gbà á síṣẹ́ lọ́dún náà. Kò bá ilé iṣẹ́ mìíràn ṣiṣẹ́ mọ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì.

Pátákó inú àpò

Ní ọdún 1957, wọ́n gbé Ottens lọ sí iléeṣẹ́ Philips tó wà ní Hasselt, ní Bẹ́ljíọ̀mù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ ìlu-rẹ́kọ́ọ̀dù, gbohùngbohùn àti ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀. Ní ọdún 1960, ó di ọ̀gá ẹ̀ka tó ń wá ọjà tuntun. Ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ kan tó ṣeé gbé rìn, EL 3585, ni ó kọ́kọ́ jáde lábẹ́ ìdarí rẹ̀, èyí tí wọ́n tà ju mílíọ̀nù kan lọ. Onítéèpù gbangba ni ẹ̀rọ yìí ṣì jẹ́, inú téèpù gbangba ni ìyọnu sì wà.

Ẹni tó bá fẹ́ lo téèpù gbangba ní láti gbé àgbá téèpù tó kún kọ́ ọ̀tún tàbí òsì ẹ̀rọ, kí ó fa ojú téèpù jáde, kí ó kì í gba ẹ̀gbẹ́ orí ẹ̀rọ àti rọ́bà kọjá, kí ó fi há ara àgbá tó ṣófo, kí ó fi ìka yí i ní ẹ̀ẹ̀mejì mẹ́ta kó tó tẹ bọ́tìnì. Bí ojú téèpù bá yọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ilẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ yóò tú sí. Ọmọdé kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, àgbàlagbà tí kò bá mọ̀ ọ́n lò náà á pè é ní ẹ̀rọ àwọn tó mọ̀wé. Àwọn tó bá Ottens ṣiṣẹ́ sọ pé ìbínú sí wàhálà yìí ló bí kásẹ́ẹ̀tì.

Kí wọ́n tó ya àwòrán kankan, Ottens gé pátákó kan. Ó gé e títí ó fi wọ àpò kóòtù rẹ̀ rẹ́gí, ó sì fi lé àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ pé bí ẹ̀rọ tí wọn yóò ṣe ti gbọ́dọ̀ mọ nìyí. Ọ̀pọ̀ ẹnjiníà ni kì í gbà kí á fi irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: wọn á kọ́kọ́ wá ohùn tó dára jù, wọn á wá wo bí àpótí tó lè gbà á yóò ti tóbi tó. Ottens yí i padà. Ó mú ìwọ̀n ṣáájú, ó ní kí ohùn wá ọ̀nà tí yóò gbà wọ inú rẹ̀. Pátákó náà kò sí mọ́ lónìí. Lọ́jọ́ kan tí táyà mọ́tò rẹ̀ jò lójú ọ̀nà, ó fi ti abẹ́ jáàkì, ibẹ̀ ló fi sílẹ̀ sí.

Kì í ṣe òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó ronú pé kí á ká téèpù mọ́ inú ike. Iléeṣẹ́ RCA ní Amẹ́ríkà ti gbé irú rẹ̀ jáde ní ọdún 1958, ṣùgbọ́n ó tóbi tó ìwé kan, ọjà rẹ̀ kò sì tà. Nínú Philips gan-an, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Vienna, ní Ọ́sítríà, ń ṣe èyí tó ní ihò kan ṣoṣo nígbà tí àwọn ará Hasselt ń ṣe oníhò méjì. Oníhò méjì ló borí. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe rò pé Ottens jí lọ́jọ́ kan tí èrò kásẹ́ẹ̀tì bọ́ sí i lọ́kàn látọ̀run. Òun fúnra rẹ̀ kì í gbà kí á sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìgbà gbogbo tí akọ̀ròyìn bá pè é ní bàbá kásẹ́ẹ̀tì, á ní iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni.

Ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹjọ, ọdún 1963, Philips pàtẹ kásẹ́ẹ̀tì àti ẹ̀rọ rẹ̀, EL 3300, níbi ìpàtẹ rédíò ní Berlin. Bátìrì ni ẹ̀rọ náà ń lò. Àwọn èrò tó wá kò fi bẹ́ẹ̀ kọbi ara sí i. Àwọn ará Japáànù kan ni wọ́n dúró tì í tí wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀ láti iwájú àti ẹ̀yìn.

Ohun tó wà nínú rẹ̀

Téèpù jẹ́ ọ̀já ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ẹbu ìpẹtà irin kùn lójú. Ẹbu kọ̀ọ̀kan lè di òòfà. Bí ènìyàn bá sọ̀rọ̀ sínú máíkìrófóònù, ohùn rẹ̀ á di iná tó ń ga tó ń rẹlẹ̀. Iná yìí á gba inú wáyà tí wọ́n wé mọ́ irin kékeré kan tí a ń pè ní orí ẹ̀rọ, irin náà á wá di òòfà tí agbára rẹ̀ ń pọ̀ tó sì ń dín bí ohùn bá ṣe ń lọ. Téèpù ń kọjá níwájú rẹ̀, òòfà náà ń to ẹbu ara téèpù bí ohùn ti wí. Nígbà tí a bá wá fẹ́ gbọ́ ohun tí a gbà sílẹ̀, téèpù á tún kọjá níwájú orí, àwọn ẹbu tí wọ́n ti di òòfà á ta iná díẹ̀ sínú wáyà, iná yẹn ni gbohùngbohùn yóò sọ di ohùn padà. Orí kan tún wà tó jẹ́ pé píparẹ́ ni iṣẹ́ tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi lè gba nǹkan tuntun lé ti àtijọ́ lórí.

Àwọn ihò méjèèjì kọ́ ló ń pinnu bí téèpù yóò ti yára tó. Ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan àti rólà rọ́bà ló ń fún téèpù mọ́ àárín tí wọ́n sì ń fà á ní ìwọ̀n kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí rọ́bà yìí bá dọ̀tí tàbí tí bátìrì bá ń kú lọ, ohùn olórin á bẹ̀rẹ̀ sí í fà bí ohùn ẹni tó ń tòògbé.

Ìwọ̀n téèpù kásẹ́ẹ̀tì jẹ́ mìlímítà 3.81 ní fífẹ̀, ó sì ń rìn ní sẹ̀ǹtímítà 4.76 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti ẹ̀rọ téèpù gbangba fẹ̀ tó mìlímítà 6.3, ó sì sábà máa ń rìn ní sẹ̀ǹtímítà 9.5 tàbí 19. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì C60 ń gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójú kan. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 1,800. Bí a bá fi 4.76 sọ ọ́ di púpọ̀, a ó ní sẹ̀ǹtímítà 8,568, tó jẹ́ bíi mítà 86. Èyí ni gígùn téèpù tó ká jọ sínú ike tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bí téèpù náà bá jẹ́ èyí tó ń sáré ní sẹ̀ǹtímítà 19, yóò gùn ju mítà 340 lọ, ìwọ̀n pátákó Ottens kò sì ní gbà á láéláé.

Ohun tí wọ́n fi san owó ìwọ̀n kékeré yìí ni ariwo. Nítorí pé téèpù rọra ń rìn, tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, ariwo ṣìì kan máa ń wà lábẹ́ orin. Àwọn kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ kò dára fún orin rárá. Ọ̀rọ̀ ẹnu, bíi lẹ́tà tí ọ̀gá ń pè fún akọ̀wé, ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Ray Dolby, ọmọ Amẹ́ríkà, ni ó ṣe ètò Dolby B ní ọdún 1968 tó dín ariwo náà kù, téèpù tí wọ́n fi èròjà kúróómù kùn sì tún ran ohùn lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ni kásẹ́ẹ̀tì ti ń bá rẹ́kọ́ọ̀dù du ọjà.

Ohun kan ṣì kù tí àwọn tó lo kásẹ́ẹ̀tì kò ní gbàgbé. Lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì, etí ike kékeré méjì wà níbẹ̀. Bí a bá ṣẹ́ wọn dà nù, ẹ̀rọ kò ní gbà láti pa ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́. Bí ọmọ ilé bá wá nílò kásẹ́ẹ̀tì fún orin tirẹ̀, á ká bébà, á fi dí ihò náà pa, wáàsí bàbá rẹ̀ á sì di orin.

Ìpinnu ọdún 1965

Lẹ́yìn ìpàtẹ Berlin, kásẹ́ẹ̀tì afarawé bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní Japáànù. Ọ̀kan tóbi díẹ̀, òmíràn kéré díẹ̀; èyí tó bá wọ ẹ̀rọ yìí kì í wọ tọ̀hún. Ní Jámánì, Grundig pẹ̀lú àwọn iléeṣẹ́ mìíràn gbé tiwọn jáde ní 1965, wọ́n pè é ní DC-International. Bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ bẹ́ẹ̀, gbogbo ilé ni yóò ní kásẹ́ẹ̀tì tí kò lè wọ ẹ̀rọ aládùúgbò.

Philips lọ bá Sony ní Japáànù pé kí wọ́n jọ ṣe é. Wọ́n ní kí Sony máa san yẹ́ẹ̀nì 25 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bá tà. Norio Ohga, tó ṣojú fún Sony, kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n dín in kù, ó tún kọ̀; ó mọ̀ pé Grundig náà ń wá ọ̀nà láti bá òun ṣe. Nígbẹ̀yìn, Philips gbà pé kí Sony ṣe é láìsan kọ́bọ̀, wọ́n sì fún àwọn iléeṣẹ́ yòókù ní àǹfààní kan náà. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n béèrè ni pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe kásẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ ṣe é sí ìwọ̀n tí wọ́n là sílẹ̀, láì fi mìlímítà kan kún un, láì yọ ọ́.

Lójú oníṣòwò, ẹni tó ṣe irú èyí fi owó ńlá tọrẹ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e. Láàárín ọdún díẹ̀, DC-International ti kógbá wọlé. Kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rà ní Tokyo ń wọ ẹ̀rọ tí wọ́n rà ní Kútọnu, èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Òṣogbo ń sọ̀rọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tó ṣe, ní ọdún 1979, Philips pẹ̀lú Grundig gbé téèpù fídíò kan jáde tó ń jẹ́ Video 2000. Ẹ̀rọ tó péye ni, ojú méjèèjì ni wọ́n ń lò bíi ti kásẹ́ẹ̀tì. VHS, téèpù fídíò ti iléeṣẹ́ JVC, tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ti gbà láti máa ṣe, ti gba ọjà kí ó tó dé, Video 2000 kò sì pé ọdún mẹ́wàá tó fi parẹ́. Ìyàtọ̀ àárín kásẹ́ẹ̀tì àti Video 2000 kò sí nínú ọgbọ́n ẹnjiníà.

Ohùn tó bọ́ lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ

Kí kásẹ́ẹ̀tì tó dé, iléeṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù tàbí iléeṣẹ́ rédíò nìkan ló lè gba ohùn sílẹ̀ kí ó sì fọ́n ọn ká. Kásẹ́ẹ̀tì gba agbára yìí lọ́wọ́ wọn. Ní ọdún 1978, Ayatollah Khomeini, aṣáájú ẹ̀sìn ọmọ ilẹ̀ Ìráànù, wà ní ìgbèkùn ní abúlé Neauphle-le-Château ní Faransé. Wáàsí rẹ̀ ń wọ Ìráànù nínú kásẹ́ẹ̀tì, àwọn ènìyàn ń dà á kọ láti orí kan sí èkejì. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì ọdún 1979, ìjọba tó lé e jáde ti ṣubú.

Nílẹ̀ Yorùbá, kásẹ́ẹ̀tì kò bi ìjọba ṣubú, ṣùgbọ́n ó wọ ilé gbogbo. Fújì, àpàlà, wákà, jùjú, ewì, wáàsí mùsùlùmí, ìwàásù ìjọ: gbogbo rẹ̀ ló wọ inú kásẹ́ẹ̀tì. Rẹ́kọ́ọ̀dù ní ààyè tó lè gbà, àmọ́ eré òde tí olórin fi gbogbo òru ṣe, níbi tó ti ń kí àwọn alájọ̀ṣepọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan tòun ti oríkì wọn, kásẹ́ẹ̀tì nìkan ló lè gbé e délé. Àwọn awakọ̀ ń fi dá èrò lára yá láti Ìbàdàn dé Èkó. Ìyá tí kò mọ̀wé kọ lè sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, kí ó fi rán ẹni tó ń lọ sí ìlú òyìnbó, ọmọ rẹ̀ á gbọ́ ohùn rẹ̀ lọ́hùn-ún pẹ̀lú ariwo adìẹ ẹ̀yìnkùlé. Bí téèpù bá sì dẹ̀, bírò ni wọ́n ń kì bọ inú ihò rẹ̀ tí wọ́n fi ń ká a padà. Igun mẹ́fà ara bírò a máa há mọ́ eyín inú ihò náà rẹ́gí.

Àmọ́ ọ̀nà tó gbà jẹ́ kí aláìní rí orin gbọ́ náà ni àwọn oníṣẹ́ ayédèrú gbà wọlé. Àwọn tó ń dọ́ọ̀bù orin olórin lálẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, tí wọ́n ń lẹ fọ́tò ayédèrú mọ́ páálí rẹ̀, kò fún olórin ní kọ́bọ̀. Igbe àwọn olórin wà lára ohun tó jẹ́ kí ìjọba Nàìjíríà ṣe Òfin 47 ti ọdún 1988 lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń yin ìpinnu Philips gbọ́dọ̀ fi èyí kún un: ohun tó rọrùn fún gbogbo ènìyàn láti ṣe, ó rọrùn fún olè náà.

Láti orí téèpù dé orí àwo

Ní ọdún 1972, Ottens di olùdarí ẹ̀ka Audio ní Philips ní ìlú Eindhoven. Ariwo ṣìì inú téèpù àti ìhanra rẹ́kọ́ọ̀dù ti sú u. Philips ti ní àwo fídíò kan tí ìmọ́lẹ̀ lésà ń kà, Ottens sì tì í pé kí wọ́n ṣe èyí tó kéré fún orin nìkan. Ní ọjọ́ 8, oṣù Kẹta, ọdún 1979, wọ́n lù ú fún àwọn oníròyìn gbọ́ ní Eindhoven.

Ẹ̀kọ́ ọdún 1965 kò tíì kúrò lọ́kàn wọn. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣe àfihàn náà, wọ́n gbé e lọ sí Japáànù, wọ́n sì tún bá Sony ṣe àdéhùn. Philips fẹ́ àwo tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 11.5, sẹ̀ǹtímítà 12 ni wọ́n jọ fi ẹnu kò sí. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, Compact Disc (CD), ará Compact Cassette, orúkọ tí Philips fún kásẹ́ẹ̀tì, ni. Ó dé ọjà ní Japáànù ní oṣù Kẹwàá ọdún 1982. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni Ottens fẹ̀yìn tì.

Nígbà tó darúgbó, àwọn ọ̀dọ́ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà tún bẹ̀rẹ̀ sí í ra kásẹ́ẹ̀tì nítorí pé ó jẹ́ ohun àtijọ́. Ottens kò bá wọn yọ̀. Lójú tirẹ̀, CD dára ju kásẹ́ẹ̀tì lọ, ọ̀rọ̀ sì tán. Ohun tó kábàámọ̀ ni pé Sony ló ṣe Walkman, ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì lójú ọ̀nà, ní ọdún 1979, tí kì í ṣe Philips. Ẹ kò rí i bí? Ọkùnrin tó gé pátákó tó wọ àpò, ẹlòmíràn ló wá fi orin sínú àpò àwọn ọ̀dọ́.

Ìdánrawò

Ẹ ṣírò iye mítà téèpù tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì C90, kí ẹ sì sọ ìdí tí téèpù rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́ ju ti C60 lọ bí àwọn méjèèjì bá wọ ike kan náà. Lẹ́yìn èyí, ẹ jiyàn nínú kíláàsì: ṣé Philips jèrè tàbí ó pàdánù nígbà tó gbà kí gbogbo iléeṣẹ́ máa ṣe kásẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́? Kí ẹni tó bá ní ó jèrè fi Video 2000 gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn; kí ẹni tó bá ní ó pàdánù ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Walkman.

Iṣẹ́ àṣetiléwá yín ni èyí. Ẹ wá kásẹ́ẹ̀tì kan nílé tí ohùn ará ilé yín wà nínú rẹ̀, ìbáà jẹ́ ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó tàbí oríkì. Ẹ yá ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́, kí ẹ gba ohùn náà sórí fóònù, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ọdún tó sọ ọ́. Ẹbu ara téèpù a máa rẹ̀ dà nù bí ọdún ti ń gorí ọdún, nítorí náà ẹ má ṣe fi í di ìsinmi tó ń bọ̀.